Ọjọ́ Tí Sójà Bọ́mà Wá Fi Orúkọ Sílẹ̀ Ní Onírèké

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọkọ mi ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kò pa mí lára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú awò lójú mi. Mi ò sùn, ara mi ò gbóná, ebi ò sì pa mí, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tán ni.

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ, a sì ní àwọn ìyá kan níbẹ̀ tí wọn ò lè dé ẹ̀bá odò kí wọ́n má rí áńgẹ́lì. Èmi ò rí ìkankan rí. Bí wọ́n bá ń ríran lọ́wọ́, iṣẹ́ tó ń dúró dè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni èmi máa ń rò.

Tàípíìsì ni mí nígbà náà, mò ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Àgbowó là ń gbé. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọ takisí lọ sí Dúgbẹ̀, màá wá fẹsẹ̀ rìn wọ Onírèké, níbi tí ọ́fíìsì wa wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àwọn òyìnbó kọ́ sílẹ̀ lọ. Pákó ni ilẹ̀ òkè, pákó ni àtẹ̀gùn.

Ìjọba sójà ló wà lórí oyè. Ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tí ogun Bọ́mà ti parí, ìyẹn ogun tí àwọn òyìnbó kó àwọn ọmọ wa lọ jà lókè òkun, nínú igbó tí òjò kì í dá. Àwọn tó bọ̀ nínú wọn ti darúgbó. Ni àṣẹ bá wá látòkè pé kí a bu ọlá fún wọn, àti alààyè àti òkú. Wọ́n máa ka orúkọ wọn lórí pápá, wọ́n á fún oníkálukú ní mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fi sáyà, àti ìwé ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ti kú, ẹbí rẹ̀ ni yóò gbà á.

Ọ́fíìsì wa ni wọ́n ní kó kó orúkọ jọ ní agbègbè Ìbàdàn. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, láti ọjọ́ kejì làwọn bàbá sì ti ń gun àtẹ̀gùn wa. Òmíràn wọ kóòtù tí kòkòrò ti jẹ. Òmíràn wọ bàtà sójà tí kò lókùn. Bí wọ́n bá dé iwájú tábìlì mi, wọn á na ara wọn gbọọrọ, wọn á sọ nọ́ńbà wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n tó sọ orúkọ. Bàbá kan wà tí kò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ tó mú un lọ́wọ́ wá, ṣùgbọ́n ó rántí nọ́ńbà tí wọ́n fún un nígbà tó wà ní ọ̀dọ́.

Ọ̀gá mi, Alàgbà Fọlárìn, kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò ni. Ó ní a ò gbọdọ̀ gba orúkọ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé tàbí ẹlẹ́rìí. Torí ẹlẹ́rìí yìí la ṣe gbé bẹ́ǹṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, tí Bàbá Kọ́púrà ń jókòó lé.

Ajíbádé ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n ń gbé ní Challenge, ṣùgbọ́n Bàbá Kọ́púrà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, torí oyè tí wọ́n dé ní Bọ́mà nìyẹn. Wọ́n ga, wọ́n tínrín, orógbó kì í kúrò lẹ́nu wọn. Bí ẹnì kan bá dé, wọn á bi í léèrè abẹ́ ọ̀gá wo ló wà, odò wo ni wọ́n sọdá, wọn á wá mi orí sí mi pé òdodo ni. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdé kan, ìyá kan wá láti Moníyà. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n fi ìborùn funfun bo orí. Sífáwù lorúkọ wọn.

"Mo wá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀," wọ́n wí. "Ó lọ sí Bọ́mà, kò bọ̀."

"Kí lorúkọ wọn, mà?"

"Làmídì Àlàbí Ọlátúnjí."

Bàbá Kọ́púrà dẹ́kun orógbó rírún. Ọ̀gá mi, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, yíjú sí wọn.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

Bàbá ń wo ìta. "Mo mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ọ̀gá kan náà la wà. Ó sá lójú ogun."

Ìyá Sífáwù kò pariwo. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ ohun tó ti sú u láti máa sọ.

"Ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé láti ojú ogun nìyẹn. Níwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti kà á fún bàbá wa. Láti ọjọ́ yẹn títí Ọlọ́run fi mú wọn lọ, ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n ń dúró sí láti kírun. Wọn ò tún lọ síwájú mọ́." Wọ́n wá wo Bàbá Kọ́púrà. "Ẹ̀gbọ́n mi kò sá, bàbá. Ká ní ó sá, ilé ni ì bá sá wá."

Bàbá tún kọjú síta. Ọ̀gá mi bẹ Ìyá, ó ní kí wọ́n má bínú, òfin ni. Ẹni tó bá sá, a ò lè kà á mọ́ àwọn tí à ń yẹ́ sí.

Ìyá Sífáwù lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mò ń kọjá lọ ra omi, wọ́n ní, "Ṣé o ti kọ ọ́?" Mo ní, "Rárá, mà." Wọ́n ní, "Kò burú." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tọ́sìdé.

Ìgbà tó di Fúráìdé, wọn ò wá, torí ìrun Jímọ̀.

Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là, eruku bo gbogbo orí tábìlì. Ọ̀gá mi lọ sí Dúgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀yẹ. Bàbá Kọ́púrà ti tètè lọ sílé. Àwọn yòókù lọ kírun, àwọn mìíràn lọ jẹun. Èmi nìkan ló kù lókè. Aago méjì kù díẹ̀.

Mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Bàtà tó wúwo. Ó ń rọra bọ̀, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èkejì.

Ọmọkùnrin kan ló wọlé. Kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ. Káki ló wọ̀, ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn sójà tó máa yan lórí pápá ni. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òórùn tó bá a wọlé. Ẹ mọ bí ewé ṣe máa ń rùn bí òjò bá ti pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Òórùn yẹn ni. Nínú ọyẹ́.

Ó ní, "Kọ orúkọ mi."

Kí n sòótọ́ fún yín, inú bí mi. Mo ti bímọ mẹ́ta nígbà náà. Kò sí ọmọdé kan tó máa dúró níwájú mi kó má lè sọ pé 'ẹ kọ ọ́'. Mo bọ́ awò mi, mo wò ó dáadáa.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí o kọ orúkọ mi."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ nínú ilé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú mi rọ̀.

Mo ní, "Àwọn àgbà là ń kọ orúkọ wọn níbí. Ṣé bàbá ẹ ló rán ẹ wá?"

"Èmi fúnra mi ni."

Ló bá na ara rẹ̀ gbọọrọ, bí àwọn bàbá yẹn ti máa ń ṣe, ó sì sọ nọ́ńbà. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí n lè bá a. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ tàípíìsì kì í dúró de orí. Ohun tí etí bá ti gbọ́, ìka ti tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ó wá sọ orúkọ, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e.

Làmídì. Àlàbí. Ọlátúnjí.

Ìgbà tí mo tẹ lẹ́tà tó kẹ́yìn ni mo tó gbọ́ ohun tí mò ń tẹ̀.

Mi ò lè gbé orí sókè. Mo gbọ́ ọ tó ń mí. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ gan-an.

"Ẹni tó máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn," ó wí, mo sì mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ló ń tọ́ka sí. "Sọ fún un pé mo ṣì wà níbi tó ní kí n ti dúró de òun."

Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Mo sì búra fún yín, mi ò gbọ́ bàtà tó sọ̀ kalẹ̀.

Pákó méjì tó dúró lé tutù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án. Omi ni, ó tutù bí omi àmù. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá ọlọ́dẹ tó ń ka ìwé ìròyìn lẹ́nu géètì.

"Ẹ dákun, ṣé ẹ rí sójà kan tó jáde?"

Wọ́n wò mí. "Láti ìgbà tí ọ̀gá ti lọ, mi ò rí ẹni tó wọlé, ká má tíì sọ ẹni tó jáde."

Ẹ óò rò pé mo sálọ sílé. Rárá. Ṣe ni mo padà sókè, mo jókòó, mo ka Sáàmù kan nínú, mo sì ń wo bí omi náà ṣe ń gbẹ. Ẹ̀rù tó bà mí kò jọ èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti aláìsàn tó sùn, tí kò sì fẹ́ jí i.

Mo fa bébà náà yọ, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí Bàbá Kọ́púrà dé, mo jẹ́ kí ọ̀gá mi wọ inú yàrá rẹ̀ lọ ná. Mo wá sún mọ́ wọn, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iṣẹ́ tó rán mi sí wọn fún wọn sétí. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín mi.

Wọ́n ní, "Nọ́ńbà wo ló sọ?"

Mo na bébà náà sí wọn. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣé ó ṣì ń tiro?"

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì sọ fún wọn pé ó ń tiro. Mo kàn ní ó wọlé ni.

"Ó ń tiro, sà."

Wọ́n mú fìlà wọn. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò tún wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́.

Ó wá ku èmi àti orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń rò. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró lọ́tùn-ún lósì. Tíṣà ni ọkọ mi, wọ́n ti dá a dúró lóṣù díẹ̀ ṣáájú, ilé ló ń jókòó sí. Iṣẹ́ mi nìkan ló kù lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá sì kọ orúkọ tí ọ̀gá ò fọwọ́ sí sínú ìwé ìjọba, tí wọ́n tún kà á jáde níwájú àwọn sójà ńlá, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí.

Síbẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ àwọn yòókù. Alàgbà Fọlárìn rí i. Ó pè mí wọ yàrá.

"Ta ló ní kí ẹ kọ èyí?"

Mo ní, "Ẹni tó ni orúkọ ni, sà."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa bínú, ṣùgbọ́n ojú àánú ló fi wò mí, bí ẹni tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún. Ó fi bírò pupa fa ilà sí i. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, èyí tí wọ́n máa kà lórí pápá.

Mo tún un tẹ̀ nígbà tí ayẹyẹ náà ku ọ̀la. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń rò ó títí mo fi dé ibi tó yẹ kí orúkọ náà wà. Mo rí ojú Ìyá Sífáwù lórí àtẹ̀gùn. Mo rántí bàbá wọn tó ń dúró sẹ́yìn. Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ padà. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ànjọ̀nú. Mo fi í sínú fáìlì, mo sì rán ẹnì kan sí Moníyà pé kí Ìyá wá.

Pápá kan wà létí Ring Road nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, oòrùn funfun bí ẹyin. Àwọn sójà ìwòyí yan, wọ́n fun fèrè, àwọn bàbá wa sì tò sórí ìlà láàárín pápá, wọ́n fara kan ara wọn. Bàbá Kọ́púrà wà láàárín wọn. Àwọn ẹbí òkú wà lórí àga lápá ọ̀tún, Ìyá Sífáwù jókòó sẹ́yìn wọn pátápátá.

Ọ̀gá sójà kan tó wá láti Èkó ló ń ka orúkọ. Bó bá ka ti alààyè, bàbá náà á dáhùn, "Sà!" Ohùn wọn ti há, òmíràn á sì húkọ́ tẹ̀lé e. Bó bá ka ti òkú, á dákẹ́ díẹ̀, ẹbí á dìde, wọ́n á mú mẹ́dà lọ fún wọn.

Ó dé orí Làmídì Àlàbí Ọlátúnjí. Mo rí i tí ọ̀gá mi yí ọrùn wò mí láti orí àga rẹ̀. Mo di ọwọ́ ara mi mú.

Ọ̀gá sójà náà dákẹ́, bó ti yẹ.

"Sà!"

Ẹ fetí sílẹ̀ o. Ohùn náà kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Àárín àwọn bàbá lórí ìlà ló ti wá. Ohùn ọ̀dọ́ ni, ó mọ́ gaara, kò há rárá. Gbogbo pápá ló gbọ́ ọ.

Kò sí bàbá kan tó yí orí. Sójà ṣáà ni wọ́n, iwájú ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n omi ń ṣàn lójú àwọn kan nínú wọn. Mo sì rí i pé àlàfo kan ti wà láàárín Bàbá Kọ́púrà àti ẹni tó tẹ̀lé wọn, bí ibi tí ẹnì kan lè dúró sí. Mi ò mọ ẹni tó sún. Òórùn ewé tí òjò pa gba iwájú mi kọjá, ó lọ.

Ọ̀gá sójà náà ò mọ nǹkan kan. Ó ka orúkọ tó kàn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú mẹ́dà lọ fún Ìyá Sífáwù, Bàbá Kọ́púrà kúrò lórí ìlà. Wọ́n gba mẹ́dà náà lọ́wọ́ sójà tó gbé e, wọ́n rìn gba àárín pápá, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n. Wọ́n dé iwájú Ìyá, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbàlagbà tó ju Ìyá lọ dáadáa.

Mo ti sún mọ́ ibẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rọra ń sọ ọ́ ni.

Bàbá ní ìbọn ba Làmídì lẹ́sẹ̀ létí odò kan, òjò ń rọ̀. Wọ́n ní àwọn nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn gbé e sábẹ́ igi, àwọn ní kó dúró de àwọn níbẹ̀, àwọn ń lọ pe ẹni tó máa gbé e. Nígbà tí àwọn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn lè padà. Bí àwọn bá sọ pé ó wà níbẹ̀, ọ̀gá máa ní kí àwọn padà lọ gbé e. Ni àwọn bá ní ó sá.

Ìyá Sífáwù ní, "Ṣé ó sunkún?"

"Rárá," Bàbá wí. "Ó ní kí n tètè bọ̀."

Ìyá gba mẹ́dà náà. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù." Ohun tí wọ́n sọ fún Bàbá Kọ́púrà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní àwọn dárí jì wọ́n, wọn ò sì ní àwọn ò dárí jì wọ́n.

Èmi ni mo sin Ìyá dé ibi tí wọ́n ti máa wọ mọ́tò Moníyà. A ń rìn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "O gbọ́ ọ, àbí?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Ohùn ẹ̀ kò gbó rárá," wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìmáàmù wọn pe ọmọkùnrin tó kù nínú ìdílé náà, ó mú un dúró sí ọ̀wọ́ iwájú. Ìyá ló ránṣẹ́ sọ fún mi.

Alàgbà Fọlárìn kò fún mi ní ìwé ẹ̀sùn kankan. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó ku àwa méjì. "Ta ló dáhùn?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, sà." Ó mi orí, kò sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní máa sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni ì bá jẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọjọ́ Fúráìdé ni, aago méjì kù díẹ̀, èmi nìkan ló wà lókè, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ nítorí eruku. Mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn.

Kì í ṣe bàtà ẹnì kan.

Wọ́n ń gùn ún bọ̀, wọ́n sì ń dúró, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àwọn tó ń tò. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo tẹ́tí. Nọ́ńbà ni. Oníkálukú ń sọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí òun má gbàgbé kó tó kan òun. Ohùn Yorùbá wà ńbẹ̀, ti Haúsá wà ńbẹ̀, òmíràn wà tí mi ò mọ èdè ibi tó ti wá. Wọ́n pọ̀. Mo rò pé wọ́n dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tò jáde sí ìta.

Ẹni tó wà níwájú lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an ń rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn náà. Ó ń sọ pé, "Ẹ ní sùúrù. Ó máa kọ ọ́."

Mo fi bébà sínú ẹ̀rọ. Ọlọ́run gbọ́, mo fi í sí i. Mo gbé ọwọ́ lé e.

Lẹ́yìn náà ni mo ro bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Mo ro àwọn ọmọ mi. Mo dìde, mo mú báàgì mi, mo gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, mi ò wo ẹ̀yìn títí mo fi dé Dúgbẹ̀. Làmídì tí wọ́n ní ó sá, kò sá. Èmi tí kò sí ẹni tó yin ìbọn sí, èmi ni mo sá.

Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n gbé mi lọ sí Challenge. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi kò pẹ́ níbẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ ní Bódìjà lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, ilẹ̀ ibẹ̀ kàn máa ń rin fún omi lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Mi ò bi í síwájú sí i.

Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n jókòó kọ orúkọ wọn. Bóyá iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bóyá ǹ bá ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, kí n máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwé, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Bí ẹnì kan bá wá bá yín lọ́sàn-án pé kí ẹ kọ orúkọ òun, tí ara yín sọ fún yín pé kì í ṣe èèyàn ayé yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé mélòó ni wọ́n, kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Bí ẹ ò bá lè kọ gbogbo wọn, ẹ má kọ ìkankan. Àwọn yẹn kì í pariwo, wọn kì í sì í halẹ̀. Wọ́n kàn máa ń dúró ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dúró jù wá lọ.